Tom Brown ọmọdé tí mo rà ní Bódìjà: ó dùn, ṣùgbọ́n wọn ò kọ edé sí i

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún un, torí pé ó dùn lóòótọ́ ni kò fi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ọwọ́ ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ọmọdé nítòsí ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ni mo ti ra Tom Brown yìí, ìyẹ̀fun ọkà tí a ń sè bí ògì fún ọmọdé. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ike funfun kan, kílò kan, ₦6,500. Ọlọ́kadà gbé e wá bá mi nílé lọ́jọ́ tí mo sanwó gan-an. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni: àgbàdo, ọkà bàbà, sóyà, ẹ̀pà, "àti àwọn èròjà aṣaralóore mìíràn". Kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Èmi náà rí i pé kò sí, mo sì rà á bẹ́ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ dáadáa rẹ̀. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì kù ú dáadáa. Tí ẹ bá fi omi tútù pò ó kí ẹ tó gbé e kaná, kì í ṣu. Òórùn ẹ̀pà yíyan á gba gbogbo ilé ìdáná, débi pé ọmọ mi àgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ń bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀. Mi ò fi ṣúgà sí i rárá.

Ire, àbúrò rẹ̀, ni mo rà á fún. Ó ti pé oṣù méje nígbà náà. Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń fi oúnjẹ kún ọmú fún un: ògì àgbàdo lásán, ànàmọ́ sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà tí mo sẹ́, mílíìkì sóyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń mú wọn wọlé, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta láàárín, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa lọ́jọ́ tí a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ tí ike yìí dé ni mo gbàgbé ẹ̀kọ́. Mo ní ṣebí ògì náà ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lá ṣíbí mẹ́ta. Àyíká ẹnu rẹ̀ pọ́n díẹ̀, mo rò pé mo nù ún le jù ni. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ ìdajì abọ́ rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí gbogbo ikùn rẹ̀ fi lé kókó kókó bí ẹni tí ẹ̀fọn ya bò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì wú. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní eyín ló fẹ́ hù. Aládùúgbò wa kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n wá àgbo. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eyín kì í wú ojú ọmọ." Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn náà ló gbé e mọ́ àyà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí a fi dé ọsibítù.

Èémí rẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ètè àti ahọ́n. Ó ní tí mímí bá nira fún ọmọ, tí ahọ́n rẹ̀ bá wú, tàbí tó bá rọ jọwọrọ lọ́wọ́ ẹni, kí a má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò nílé. Ó fún un lóògùn, wọ́n dá wa dúró títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀: kí ló jẹ, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìṣẹ́jú mélòó kí ara rẹ̀ tó sú? Mo fi fọ́tò tí mo yà hàn án. Ó ní èwo nínú ohun tó wà nínú ike ni Ire ti ń jẹ tẹ́lẹ̀? Àgbàdo àti sóyà. Ó ku ọkà bàbà àti ẹ̀pà, gbogbo wa sì dojú kọ ẹ̀pà. Ó wá bèèrè pé, "Èròjà mìíràn wo?"

Mo kọ̀wé sí ìyá náà lórí Wásáàpù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n kà á. Mo rí àmì búlúù méjèèjì. Ọjọ́ kẹta ni èsì dé: "Ẹ má bínú, Ìyá Ire, iṣẹ́ ló pọ̀. Edé díẹ̀ ni, kó lè lágbára."

Edé díẹ̀!

Dókítà ti kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ dán nǹkan kan wò nílé. Ọsibítù la padà sí. Ẹ̀pà la kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín ni Ire ń rín. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n fún un ní edé lílọ̀, kò ju ìpín ṣíbí lọ, kókó náà sì tún yọ.

Ẹ̀pà tí mo ti fẹ́ lé kúrò nílé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Dókítà sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde ní 2015. Ọmọ 640 ni wọ́n lò, ọmọ oṣù 4 sí 11, àwọn tí ẹ́kísímà (ara yíyún tó le) ń dà láàmú tàbí tí ẹyin ò bá lára mu. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọn ò fún ní ẹ̀pà, bíi 17 ni ẹ̀pà ò bá lára mu. Nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi 3 péré. Nítorí náà, Ire ń jẹ ẹ̀pà lílọ̀ nínú ògì báyìí, kì í ṣe odidi tó lè há a lọ́fun.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà "àlẹ́jì", ìyẹn kí oúnjẹ kan má bá ara ẹni mu, fún ìyá ọkọ mi títí, kò wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bèèrè bóyá edé jẹ́ èèwọ̀ ilé bàbá mi ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èèwọ̀ Ire ni. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́ínmọ́ín tirẹ̀ ní ewé tirẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là ń mu ìyókù Tom Brown náà, a sì ń fọwọ́ fọnu kí a tó gbé Ire. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti yí ike padà sí aláwọ̀ ewé, owó ti di ₦7,000. "Àti àwọn èròjà aṣaralóore mìíràn" ṣì wà lára rẹ̀.