Offaly: àgbà eléré ìdárayá àbí ọ̀dọ́?
Bí ẹgbẹ́ hurling (eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) ti káúńtì kan ní Áyálándì bá ń já wálẹ̀, kò lè ra eléré ìdárayá. Eré ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ó kù kó di àwọn àgbà mú, tàbí kó tọ́ ọ̀dọ́ dàgbà.

Àwọn àgbà lè gbà á là lọ́dún kan, àmọ́ ọjọ́ orí kì í dúró. Ọ̀dọ́ ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún ìyà. Káúńtì Offaly, tó gba ife Áyálándì ní 1981, 1985, 1994 àti 1998, já kúrò ní Leinster, ìdíje ẹkùn tó wà ní ìpele òkè, ní 2018, ó sì tún já sísàlẹ̀ sí i ní 2019. Ní 2024, àwọn ọmọ abẹ́ ogún ọdún wọn gba ife Áyálándì. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ káúńtì náà gba ife Joe McDonagh, ìdíje ìpele kejì, wọ́n sì padà sí Leinster.