Jáàkì, Ẹsẹ̀ Irin, Ráàmpù Tàbí QuickJack: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Tún Corvette Ṣe Nílé?

Láti ìgbà tí Chevrolet ti gbé ìran karùn-ún Corvette, èyí tí wọ́n ń pè ní C5, jáde ní ọdún 1997, mọ́tò náà kì í gbé sípíà táyà tàbí jáàkì bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ mọ́, nítorí pé irú táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti tán nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ra àlòkù C5, tàbí C6 àti C7 tó tẹ̀lé e, ní Houston tàbí ní Atlanta, tó sì fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì tàbí bíréèkì nínú gáréèjì ilé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ohun tí yóò fi gbé mọ́tò náà kúrò nílẹ̀ àti ohun tí yóò fi dá a dúró lókè. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olùrà ló máa ń ná owó ńlá sórí èkíní, tí wọ́n á wá fi ṣẹ́ńjì tó kù ra èkejì. Èrò tèmi ni pé ohun tó máa dá mọ́tò dúró ló yẹ kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó wá jáàkì tó bá a mu.

Kí a tó fi ohun èlò kan wé òmíràn, ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ mọ́tò náà. Fáíbà ni ara Corvette, kì í ṣe páànù irin, etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò sì là bí jáàkì bá tì í. Férémù tó wà lẹ́yìn fáíbà yẹn ló lè gba ẹrù. Ihò gbọọrọ mẹ́rin wà lára férémù náà, méjì lẹ́yìn àwọn táyà iwájú, méjì níwájú àwọn táyà ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì ni a ti ń gbé e. A tún lè gbé e láti àárín férémù tó dábùú abẹ́ ẹ́ńjìnnì níwájú, tàbí ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí ojú olùgbé mọ ìyàtọ̀ láàárín férémù yìí àti sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó dábùú nítòsí rẹ̀, nítorí pé fáíbà ni sípíríǹgì náà, kò sì gbọdọ̀ gba jáàkì rárá. Rọ́bà roboto tó nípọn ní íǹṣì 1, tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3, ni a máa ń fi sáàárín jáàkì àti férémù. Àwọn kan kì í ra èyí tí wọ́n ṣe fún Corvette, wọ́n á kàn lọ ra rọ́bà tí wọ́n fi ń gbá họ́kì lórí yìnyín, ìwọ̀n kan náà ni, owó rẹ̀ sì kéré jọjọ. Àǹfààní ti Corvette ni pé ó ní orí tó ń wọ inú ihò férémù, kò sì ní já bọ́ nígbà tí a bá ń wá ibi tí jáàkì yóò bọ́ sí.

Ní ti jáàkì, èyí tó dúró bí ìgò, irú èyí tí àwọn fọkanáísà ń lò lẹ́bàá títì ní Èkó, kò wúlò níbí. Nígbà tó bá wálẹ̀ pátápátá, ó sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, férémù Corvette kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀. Jáàkì trọ́lì tí a ń fà nílẹ̀ ni a óò rà, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lórí igbá máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 13 tàbí 14, bí a bá sì gbé rọ́bà lé e, kò ní wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò tó sún mọ́lẹ̀ máa ń wálẹ̀ dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 10. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ti rọ́bà kún un, kí ẹ sì fi àròpọ̀ rẹ̀ wé ohun tí ẹ fi téèpù wọ̀n lábẹ́ mọ́tò yín gan-an, nítorí pé ẹni tó ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ lè ti mú un sún mọ́lẹ̀ sí i.

Láàárín àwọn jáàkì tó wálẹ̀ wọ̀nyí, ìjà wà láàárín alumíníọ́mù oní-tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ àti irin oní-tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ pé mọ́tò rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kílò 1,500 lè rò pé tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ ti Amẹ́ríkà, tí í ṣe nǹkan bí kílò 1,360, kò ní tó o, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan tàbí ìpẹ̀kun kan mọ́tò ni jáàkì ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí kò sì ju nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ. Alumíníọ́mù fúyẹ́, ọwọ́ kan lè gbé e sínú búùtù, ó sì dára fún ẹni tó máa ń gbé mọ́tò láti ẹ̀gbẹ́. Irin wúwo gan-an, àmọ́ ọrùn rẹ̀ sábà máa ń gùn, òun ló sì sábà máa ń ṣeé tì láti iwájú dé àárín férémù láìjẹ́ pé ọwọ́ jáàkì ń gbá bọ́ńpà. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kí táyà kéékèèké rẹ̀ lè yí fàlàlà lórí sìmẹ́ńtì, nítorí pé bí ọrùn jáàkì ṣe ń gòkè ló ń fà sẹ́yìn, bí jáàkì kò bá sì lè rìn, orí rẹ̀ ni yóò yọ̀ kúrò lábẹ́ férémù.

Jáàkì kò dá mọ́tò dúró. Rọ́bà inú rẹ̀ lè jò láìròtẹ́lẹ̀, kí mọ́tò sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ irin, ìyẹn òpó tí a ń gbé mọ́tò lé, ni mọ́tò gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀, oríṣi ẹsẹ̀ irin méjì ni a sì máa ń rí. Èkíní ní eyín lára òpó rẹ̀ tí irin kékeré kan ń há mọ́. Ó yá lò, èèyàn kàn fà á sókè ni. Èkejì ní ihò tí a ń ti pínnì bọ̀. Ó lọ́ra, gíga rẹ̀ kì í sì fi ìgbà gbogbo bọ́ síbi tí a fẹ́ gẹ́lẹ́. Ní ọdún 2020, Harbor Freight, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irinṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pe àwọn ẹsẹ̀ irin eléyín kan oní-tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti mẹ́fà padà nítorí pé irin tó ń há eyín lè má wọlé dáadáa, ní ọdún kan náà sì ni wọ́n tún pe díẹ̀ padà nínú àwọn tí wọ́n fi rọ́pò wọn, nítorí àléébù ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Èyí kò sọ gbogbo eléyín di èyí tí kò dára, ṣùgbọ́n pínnì ni mo fara mọ́, torí pé ojú ń rí i gbangba pé ó ti wọlé já sí òdìkejì. Àwọn eléyín kan náà wà tó tún ní pínnì ìdáàbòbò, àárín méjèèjì nìyẹn. Ẹ wo bóyá iye ẹrù tí wọ́n kọ jẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ti méjì pọ̀, nítorí pé ti méjì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ. Ẹ yan èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ní rọ́bà, torí pé èyí tí orí rẹ̀ ní kòtò kò bá férémù Corvette mu.

Ìṣòro mìíràn kan wà tí àwọn tó ń ta ọjà kì í sọ: ibi kan náà ni jáàkì àti ẹsẹ̀ irin ń dù. Bí jáàkì bá wà níbi ihò, níbo ni ẹsẹ̀ irin yóò dúró? Ọ̀nà kan ni kí a gbé mọ́tò láti àárín férémù, kí ibi ihò sì ṣófo fún ẹsẹ̀ irin. Òmíràn ni pé kí a ra Rennstand, irú ẹsẹ̀ irin kan tí a máa ń tò yí jáàkì ká, tó sì ń dá mọ́tò dúró níbi tí jáàkì ti gbé e gan-an. Ó wọ́n ju ẹsẹ̀ irin lásán lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí jáàkì rẹ̀ kò gùn dé àárín mọ́tò kò ní kábàámọ̀ owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ráàmpù, ìyẹn àtẹ̀gùn dídagun tí a ń wa táyà gùn, kò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ga lójijì, bọ́ńpà Corvette yóò sì ti gbá a kí táyà tó dé ibẹ̀. Race Ramps, tí wọ́n fi fóòmù líle ṣe, gùn, ó sì rọra ń gòkè, ó sì fúyẹ́. Ó dára fún pípààrọ̀ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n orí táyà ni mọ́tò ṣì wà, nítorí náà kò wúlò fún bíréèkì.

QuickJack jẹ́ férémù gbọọrọ méjì tí a ń tì sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò méjèèjì, tí ẹ̀rọ oníná sì ń fi òróró gbé sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wálẹ̀ dé nǹkan bí íǹṣì 3, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń kúrò nílẹ̀, irin ìdènà rẹ̀ sì ni ó ń dá mọ́tò dúró, kì í ṣe òróró. Nítorí náà ẹ má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ kí irin náà tó há. Èyí tí wọ́n kọ 5000 sí lára ń gbé pọ́ọ̀nùn 5,000, ó sì pọ̀ tó fún Corvette. Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín ihò iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí pé gígùn férémù rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, èyí tó kúrú lè má dé ihò méjèèjì. Owó rẹ̀ ju dọ́là 1,000 lọ dáadáa, ó sì fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹni tó ń yọ táyà ní gbogbo ìgbà nítorí eré ìje ni mo lè gbà níyànjú pé kó rà á. Fún ẹni tó ń ṣe ọ́ìlì àti bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, jáàkì tó wálẹ̀ àti ẹsẹ̀ irin mẹ́rin onípínnì tó.

Owó kékeré kan ṣì kù láti ná sórí ohun tí a fi ń há táyà. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ọwọ́ Corvette ń mú, nítorí náà, bí ẹ̀yìn bá ti kúrò nílẹ̀, kò sí ohun tó dá mọ́tò náà dúró mọ́ àyàfi ohun tí a há mọ́ táyà iwájú. Bó bá sì jẹ́ pé orí ọ̀dà títì ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́ dípò sìmẹ́ńtì, ẹ ra pátákó tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀dà máa ń rọ̀ nínú oòrùn Texas, ẹsẹ̀ irin á sì máa rì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lápá kan.