Ọdún Kan ní Ilé Tí Ọkùnrin Kì Í Wọ̀

Ó pé ọdún kan ní oṣù yìí tí mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ ní ilé kan tí a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan. Yàrá ìkàwé wà níbẹ̀, yàrá iṣẹ́ tí ó ní tábìlì gbọọrọ wà níbẹ̀, yàrá eré ìdárayá wà ní ìsàlẹ̀ ilé, gbọ̀ngàn kékeré kan sì wà tí a ti máa ń ṣe ìjíròrò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin kò lè forúkọ sílẹ̀, obìnrin kò sì lè mú ọkùnrin wá gẹ́gẹ́ bí àlejò. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò, n kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tí ó bá ń rò ó bóyá kí òun san owó sí irú ilé bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí ó wù kí ó wà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kí n tó san owó náà ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi rí, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni a ṣe fún yín?" Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo ní wọn kò ṣe nǹkan kan, pé ibi ìjókòó ni mo ń wá. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà lọ́rùn, nítorí pé ibi ìjókòó pọ̀ káàkiri. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé a kì í sábà bi ọkùnrin ní irú ìbéèrè yìí. Ẹgbẹ́ Garrick, ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ àwọn ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, ti wà láti ọdún 1831, oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì tó dìbò pé kí obìnrin lè di ọmọ ẹgbẹ́. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bóyá wọ́n kórìíra ìyá tí ó bí wọn.

Yàrá eré ìdárayá ni mo kọ́kọ́ lò. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ kò pọ̀, méjì nínú wọn ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ẹ̀rọ amúlétutù sì máa ń kú nígbà tí ó bá wù ú. Bí ó bá jẹ́ ti irinṣẹ́ nìkan ni, ibi tí mo ti ń ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀, tí tọkùnrin tobìnrin ń lò, dára jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tí ó wà láàárín yàrá gan-an ni mo ń lò. Ní ibi tí mo ti kúrò, ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń yàn, mo máa ń fa ẹ̀wù mi wálẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wo dígí láti mọ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn mi, mo sì máa ń fi nǹkan ìgbọ́rin dí etí láìsí orin kankan nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá kọ́ mi bí a ṣe ń gbé irin. Kò sí ọkùnrin tí ó fọwọ́ kàn mí níbẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ wò mí. Síbẹ̀, apá kan ọkàn mi máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní gbogbo wákàtí tí mo bá fi wà níbẹ̀, n kò sì mọ̀ pé mo ń san owó oṣù fún ọlọ́dẹ náà títí di ọjọ́ tí mo dá a dúró.

Ìyá kan wà tí ó máa ń wá ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè dín ní àádọ́rin ọdún. Irin wúwo ni ó máa ń gbé, bí ó bá sì ti gbé e dé àyà, yóò ké tòò. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé bóyá nǹkan ti ṣe é. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi, kò sí ibòmíràn tí mo ti lè ké." Láti ọjọ́ náà ni èmi pẹ̀lú ti ń ké.

Yàrá iṣẹ́ kò ní ohun tí a lè fi yangàn ju tábìlì àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí ìwúlò ilé náà ní kedere. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan tẹ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí a bá òun wo iye tí wọ́n fẹ́ máa san fún òun. Ẹni méjì tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ iye tí àwọn ń gbà, bí àwọn ṣe bèèrè fún àfikún, àti èsì tí ọ̀gá fún àwọn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ogún ìṣẹ́jú, obìnrin náà sì padà lọ bèèrè fún iye tí ó tọ́ sí i. Irú ìjókòó yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn obìnrin ní New York máa ń pàdé nínú ilé ara wọn, wọn a jókòó yípo, oníkálukú a sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé àti níbi iṣẹ́, títí tí wọ́n fi rí i pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pè ní orí burúkú ara rẹ̀ ni òfin àti àṣà ti ṣètò fún gbogbo wọn. Wọn kì í gba ọkùnrin láàyè níbẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀: ó ṣòro láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ délẹ̀ níwájú ẹni tí yóò fẹ́ gbèjà ara rẹ̀.

Ìjíròrò Ọjọ́bọ̀ ni ilé náà ti já mi kulẹ̀, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń polówó ilé náà jù. Àkòrí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà máa ń dára: owó, ìlera, ọmọ títọ́, ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n kí ìdajì wákàtí tó pé, ọ̀rọ̀ yóò ti kúrò lórí àkòrí, yóò ti dé orí ọkùnrin: bí wọ́n ṣe ya ọ̀lẹ tó, bí irọ́ ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bí kò ṣe sí èyí tí ó sunwọ̀n nínú wọn. Ẹni tí ó bá sọ èyí tí ó le jù ni a ó pàtẹ́wọ́ fún. Obìnrin kan máa ń jókòó nítòsí mi, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tí òun sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ó wá, kò la ẹnu rẹ̀, kò sì wá ní ìgbà kẹrin. Ní ìrọ̀lẹ́ tí owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ àkòrí wa, mo jókòó, mo ń rò ó pé ilé tí ọkùnrin kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin jù ní gbogbo ọ̀sẹ̀. A ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, a sì fi wọ́n jọba lórí ìjókòó wa.

Kí a má ṣì mí gbọ́. Obìnrin tí wọ́n lù, tàbí tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ bí ó ṣe dùn ún, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí ó kọ́kọ́ fi "kì í ṣe gbogbo ọkùnrin" ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé ààbò tí a ṣí ní Chiswick, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1971 bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí obìnrin lè yà sí kí ó jókòó sọ̀rọ̀, kí ó tó di pé àwọn tí ọkọ ń lù ń sá wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà sì ní ohun tí ó ń bàjẹ́. "Bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn" ni gbólóhùn tí a máa ń sọ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ń ṣe aburú ni wọ́n kọ́kọ́ ni gbólóhùn náà kí a tó yá a lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé bí a ṣe dá a nìyẹn, ta ni yóò ní kí ó yí padà? Adájọ́ wo ni yóò dá a lẹ́bi? Gbogbo ìjàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin dúró lórí ìgbàgbọ́ pé ìwà tí a kọ́ ọkùnrin ni ó ń hù, pé ó lè jáwọ́ nínú rẹ̀, àti pé òfin lè mú un jáwọ́. Ẹni tí ó bá ń pàtẹ́wọ́ fún gbólóhùn yẹn ti tú u sílẹ̀ láìgbẹ́jọ́.

Irú ìwà yìí yọ sí iṣẹ́ ilé náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti àjà yàrá ìkàwé, wọn kò sì rí obìnrin tí ń tún páìpù ṣe, ni wọ́n bá pe ọkùnrin kan. Wọ́n lu aago kí a lè mọ̀ pé ó ń wọlé, èyí sì dára, nítorí pé àwọn kan ń pààrọ̀ aṣọ ní ìsàlẹ̀. Ó kí wa bí ó ti ń kọjá. Ẹni méjì péré ni ó dá a lóhùn, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín kí ó tó jáde tán. Èyí tí ó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni ti ọmọkùnrin kan. Òfin ilé gba ọmọkùnrin láàyè títí di ọmọ ọdún méje, mo sì gbà pé ó yẹ kí ààlà wà níbì kan. Nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan pé ọdún mẹ́jọ, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé kò lè mú "ọkùnrin" wọlé mọ́. Kò ní ẹni tí yóò máa bá a mú ọmọ dání, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ṣíwọ́ wíwá. Ó sọ fún mi pé ọmọ náà bi òun pé kí ni òun ṣe. Yàrá ìgbàlejò tí ó wà níwájú máa ń ṣófo ní gbogbo ọ̀sán. Wọn ì bá ti yà á sọ́tọ̀ fún ìyá tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan sọ pé bí a bá ń ya obìnrin sọ́tọ̀, obìnrin ni a ń tì jáde, kì í ṣe ẹni tí ń ṣe é níbi. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára nípa ọkọ̀ ojú irin. Ní Japan, láti nǹkan bí ọdún 2000, àti ní Delhi láti ọdún 2010, a ti ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nítorí àwọn tí ń fọwọ́ pa wọ́n lára nínú èrò. Kò wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọ̀la kò lè dúró de ìgbà tí àrùn yóò sàn. Ní ti ibi ìsinmi, ọ̀nà mìíràn ni ilé ẹjọ́ gbà wò ó. Ní Tasmania, ní Australia, ọkùnrin kan pe Mona, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà, lẹ́jọ́ nítorí yàrá tí obìnrin nìkan lè wọ̀. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gba ọkùnrin wọlé, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà, nítorí pé òfin gbà pé a lè ya nǹkan sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn tí kò rí àǹfààní tó dọ́gba lọ́wọ́. Mo fara mọ́ ìdájọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí kò kan ọkùnrin rárá. Owó ilé náà pọ̀, nítorí náà kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ilẹ̀kùn náà ń dá padà. Obìnrin ni gbogbo àwọn tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà wọ́n láàyè láti jókòó sí yàrá ìkàwé tí wọ́n ń nù. Mo kọ̀wé sí alábòójútó. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ó tó fèsì, ṣùgbọ́n ó fèsì dáadáa: wọ́n ti lè lo gbogbo yàrá báyìí lẹ́yìn iṣẹ́, láìsanwó.

Mo ti san owó ọdún kejì. Mo dábàá pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ibi tí ara ti lè rọ̀ ọ́ wá, kí ẹni tí ó bá ń wá ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ wá, kí ẹni tí ó sì ní ọmọkùnrin tí ó ti ju ọdún méje lọ bèèrè dáadáa kí ó tó sanwó. Ọjọ́bọ̀ ni n kò ní máa lọ, àfi ní oṣù tó ń bọ̀ tí wọ́n ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Mo ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀, mo sì máa jókòó sí iwájú.