Rédíò Bíbélì onísólà tí wọ́n ń tà lọ́jà Kàbà: ẹ yọ àdúrà ogun inú ẹ̀ kúrò o

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa rédíò Bíbélì kékeré tí mo rà fún màmá mi ní Kàbà, ó dáa. Ohùn ẹni tó ń kà á já gaara, kì í sáré, Bíbélì àtijọ́ táwọn ìyá wa mọ̀ láti kékeré ló sì ń kà, wọ́n ń gbọ́ ọ ketekete bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Sólà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ tí òjò bá ti ṣú, àfi kẹ́ ẹ fi ṣájà fóònù sí i. Bọ́tìnnì ẹ̀ ti kéré jù, màmá ò lè wá orí tó wù wọ́n, wọ́n kàn ń jẹ́ kó máa kà á lọ ni.

Ibẹ̀ gan-an ló ti wúlò jù lójú tèmi. Téèyàn bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí Bíbélì, ibi tó tù ú lára náà ló máa ń ṣí, rédíò ò mọ ìyẹn. Ó ka Mátíù orí 5 débi tí Jésù ti ní ká fẹ́ràn àwọn ọ̀tá wa, ká máa gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe inúnibíni sí wa, torí Baba ń mú oòrùn ràn sórí ẹni burúkú àti ẹni rere, màmá bá dá ọ̀bẹ dúró. Ìjà ilẹ̀ wà láàárín àwọn àti mọ̀lẹ́bí kan, ó ti pẹ́. Wọ́n ní "Ṣé kí n wá máa súre fún un lórí ilẹ̀ bàbá mi ni?" Mo ní màmá, ohun tí wọ́n kà náà nìyẹn.

Róòmù orí 12 wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí ebi bá ń pa ọ̀tá rẹ, fún un lóúnjẹ. Àjàyí Crowther ló túmọ̀ Róòmù sí Yorùbá, 1850 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821 nìyẹn o, tí wọ́n tà látọwọ́ dọ́wọ́, òun ló jókòó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún wa. Àwa ọmọ Òkun, Yorùbá apá Kàbà, tí ogun Tápà lé àwọn bàbá ńlá wa gun orí òkè, ó yẹ kó yé wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ohun tó wá bí mi nínú ni pé bó ṣe ka Ìfihàn tán, àdúrà ogun ló tẹ̀ lé e, kí iná jó ọ̀tá ilé bàbá mi, kí wọ́n kú, kí wọ́n kú, ohùn ẹ̀ tún lọ sókè ju ti Bíbélì lọ. Inú mẹ́mọ́rì kan náà! Ẹnìkan lọ́jà ní Sáàmù 109 náà wà ńbẹ̀, pé Dáfídì náà ṣépè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jésù mọ àwọn Sáàmù yẹn, inú wọn ló dàgbà sí, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kàn án mọ́gi, ó ní kí Baba dárí jì wọ́n. Sítéfánù náà, òkúta ń bà á lọ́wọ́lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Olúwa má ka ẹ̀ṣẹ̀ yẹn sí wọn lọ́rùn.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí màmá gbé ilẹ̀ fún un o. Ẹjọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Èèyàn lè máa rojọ́ láì máa gbàdúrà kí ẹnì kejì kú.

Mo dá rédíò padà. Ẹni tó tà á ò jiyàn, ó pa àdúrà ogun yẹn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní àwọn tó ń rà á ló máa ń béèrè fún un, ìyẹn sì dùn mí ju mẹ́mọ́rì lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kó pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì gbọ́ Róòmù níbẹ̀ dé òpin, torí èyí tí mo kọ́kọ́ gbà máa ń já láàárín orí 12 yẹn, ó ní láti pààrọ̀ ẹ̀ fún mi.