Ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń bá wa tọ́jú fóònù nítòsí ẹ̀wọ̀n Agodi

Ẹni tó bá ní èèyàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn, kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ́dà. Ẹ wọ Máíkírà dé Agodi Géètì, kẹ́ ẹ béèrè ìyá tó ń gba fóònù. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Wọn kì í jẹ́ kí àlejò mú fóònù wọlé. Ìyá yìí á ní kẹ́ ẹ pa tiyín níṣojú òun, á mú páálí bisikíìtì tó ti gé wẹ́wẹ́, á kọ nọ́ńbà kan náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà á ya sí méjì. Á fi rọ́bà so ìdajì kan mọ́ fóònù, á fún yín ní ìdajì kejì. Bí ìdajì yẹn ò bá sí lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá jáde, kò ní fún yín ní fóònù kankan, kódà kó mọ̀ yín bí ẹní mowó. ₦200 ló ń gbà.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ gan-an ló ràn mí lọ́wọ́ jù. "Kí lorúkọ tó wà nínú ìwé kóòtù?" lohun tó kọ́kọ́ bi mí. Orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo Òjé mọ àbúrò mi sí, orúkọ yẹn ò sì sí nínú rẹ́jísítà. Ìyá náà kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sórí ìwé pélébé, ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ó tún kìlọ̀ pé oúnjẹ sísè tí mo bá gbé lọ, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níwájú wọ́dà.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo gàrí àti ẹ̀pà tó ń tà. ₦750 nìjọba fi ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́ títí di 2024 tí wọ́n sọ ọ́ di ₦1,125. Ẹ fìyẹn wé iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí ní Bódìjà. Ọgbà yẹn tí wọ́n kọ́ ní 1894, èèyàn 389 ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọn ò tíì dájọ́ fún. Àbúrò mi wà lára wọn.

Ìyá náà ló tún ní kí n máa kọ lẹ́tà. "Ọmọ mi, ibi tẹ́ ẹ bá ti ń kíra yín lásán ni wọ́n á ti ní àkókò ti tó. Kọ èyí tó kù sílẹ̀." Ó ń ta ìwé àti báírò. Wọ́dà máa ń ka lẹ́tà kó tó dé ọwọ́ àbúrò mi, torí náà mi ò kí ń mẹ́nu ba ẹjọ́. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Ẹsẹ̀ màmá wa tó ń dùn ún ni mò ń kọ, àti bí 3SC ṣe gbá bọ́ọ̀lù ní Adamasingba. Nígbà tí èsì rẹ̀ dé, iwájú ìwé àti ẹ̀yìn ló kọ ọ́ sí, ó ní kí n sọ ẹni tó gbá góòlù wọlé. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí ìyá náà kù sí nìyí: gàrí rẹ̀ wọ́n ju ti ọjà lọ. Ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti lọ kírun, ó ti tilẹ̀kùn mọ́ fóònù gbogbo wa nìyẹn, àfi ká dúró dè é. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níta, kò sí ìbòòji, inú oòrùn làwọn abiyamọ ń dúró sí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin Nàìjíríà lọ́dún 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn. Bí Ọ̀yọ́ bá fẹ́ kọ́ ọ, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣe ibi tí àlejò á jókòó sí lábẹ́ òrùlé, kí wọ́n sì ṣe àpótí oníkọ́kọ́rọ́ fún fóònù sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ ₦200 lọ́wọ́, torí ìyá náà kì í sábà ní ṣéńjì láàárọ̀.