Èwo Ni Ká Rà fún Ọmọ? Ìfiwéra Àwọn Ìwé Ìtàn, láti Ọmọ Ọdún 3 dé Ọmọ Ọdún 18

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ni mo rà fún un. Kò sí ìwé tí mo fẹ́ràn tó o láyé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo bá ìwé yẹn lórí fíríìjì, wọ́n ti gbé ìgò omi lé e. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Kí Àkàrà-ògùn tó rìn jìnnà nínú igbó, ọmọ yìí ti sún mọ́ mi típẹ́típẹ́. Nígbà tí ọ̀fun mi gbẹ tí mo fẹ́ dúró, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á lọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọjọ́ orí méjì ni ọmọ ní tó bá kan ọ̀rọ̀ ìwé: ọjọ́ orí etí àti ọjọ́ orí ojú. Etí sábà máa ń fi ọdún mélòó kan ṣíwájú ojú. Ìtàn tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ kó má fẹ́ sùn, ó lè di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kó tó lè kà á fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò ka ìwé yìí, ṣé ọmọ ni àbí èmi? Ìdáhùn yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé.

Ọdún 3 sí 6: ìwé àlọ́ àbí ìwé ABD?

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń wọ ilé ìtàwé, wọ́n á bèèrè ìwé ìtàn, wọ́n á sì gbé ìwé ABD tàbí Aláwìíyé jáde. Iṣẹ́ ńlá ni J. F. Ọdúnjọ ṣe nínú Aláwìíyé, àìmọye àgbà ló fi kọ́ ìwé kíkà. Àmọ́ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ ní nǹkan àti ìwé tí wọ́n fẹ́ fi bá a ṣeré. Ẹ ra ABD, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìtàn.

Ní ti ìtàn gan-an, oríṣi méjì ló wà ní ọjà. Ọ̀kan ni ìwé pẹlẹbẹ, àlọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé kan, àwòrán ńláńlá, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Èkejì ni àkójọ, bí Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe ní apá méjì. Ìwé pẹlẹbẹ ló yẹ ọwọ́ ọmọ: ó lè gbé e, ó lè tọ́ka sí ikùn Ìjàpá. Àkójọ ti Babalọlá, ọwọ́ àgbà ló wà fún. Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á ní ọ̀sán, kí ẹ wá pa á fún wọn lẹ́nu yín ní alẹ́. Bí owó ìwé kan ṣoṣo ló bá wà lọ́wọ́, àkójọ ni mo máa rà, torí àlọ́ inú rẹ̀ á tó yín pa fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá sì ń ra èyí pẹlẹbẹ, ẹ wò ó bóyá wọ́n tẹ orin àlọ́ náà pé, lílé àti ègbè. Àlọ́ àpagbè tí wọ́n yọ orin rẹ̀ kúrò, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń bí mi nínú: ìwé ọmọdé tó jẹ́ pé ìwàásù ló kún inú rẹ̀. Ọmọ ṣàìgbọràn ní ojú ewé kìíní, ó jìyà ní ojú ewé kejì, ó tọrọ àforíjì ní ìkẹta. Ìjàpá náà ń jìyà, ṣùgbọ́n kó tó jìyà, ó ti rẹ́ni jẹ, ó ti kọrin, ó ti jẹ àsáró inú ìkòkò tán, ọmọ sì ti rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ kò sá lọ. Ẹ̀rín ló gbé e wá.

Ọdún 6 sí 10: Anna Hibiscus àti Chike and the River

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ní ìpele yìí, ìwé ìtàn Yorùbá ṣọ̀wọ́n gan-an. Láàárín àlọ́ àti Fágúnwà, àfo ńlá ló wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí wọra. Ìdí nìyí tí mo fi ń ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ orí yìí, èyí tí ayé inú rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa.

Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales, ló kọ Anna Hibiscus, ó sì jáde ní 2007. Ilé tí Anna ń gbé kún fún bàbá àgbà, ìyá àgbà, àwọn àǹtí, àwọn àbúrò bàbá àti ọmọ lóríṣiríṣi. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ka irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ìtàn mẹ́rin ni ó wà nínú ìwé àkọ́kọ́, àwòrán sì wà káàkiri. Ọmọ lè ka ìtàn kan parí ní alẹ́ kan, kó sì sùn pẹ̀lú ayọ̀ pé òun parí nǹkan. Ayọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé fúnra rẹ̀.

Ti Chinua Achebe yàtọ̀ sí i. Chike and the River, tó jáde ní 1966, ìtàn kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọmọ ọdún mọ́kànlá kan kúrò ní abúlé lọ sí Onitsha, ohun tó sì ń dà á láàmú ni bí òun ṣe máa rówó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya lọ sí Asaba. Ọmọ tó bá ti gba orí afárá ibẹ̀ kọjá rí lè bi yín pé kí ló dé tí Chike kò kàn gba orí afárá. Ẹ sọ fún un pé 1965 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí afárá náà, ayé ìgbà tí kò tíì sí ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, Anna ni. Bó bá ti di mẹ́sàn-án, tó ti lè rántí lónìí ohun tó kà lánàá, ẹ gbé Chike fún un.

Ẹ lè fi ìka ọwọ́ dán ìwé wò nínú sọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí ọmọ ka ojú ewé kan láàárín ìwé, kó ká ìka kan kò nígbàkígbà tó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Bí ìka márùn-ún bá tán kó tó parí ojú ewé, ojú rẹ̀ kò tíì tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a padà kíákíá: ẹ ka ojú ewé kejì sí i létí. Bó bá bèèrè pé "kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ rà á, ẹ̀yin lẹ máa kà á fún un.

Ọdún 10 sí 13: Fágúnwà lédè Yorùbá, Fágúnwà lédè Gẹ̀ẹ́sì, àti Ogún Ọmọdé

Mo padà sórí ìwé tí mo rà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àlòkù ni mo rà. Lẹ́yìn tí ó ti pa á tì ni mo tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: aiye, enia, nwọn, ọkọnrin. Àkọtọ́ àtijọ́ ni. Ayé, ènìyàn, wọ́n, ọkùnrin ni wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́, nítorí láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Ìdajì ohun tó lé ọmọ yẹn sá kì í ṣe Fágúnwà rárá, àkọtọ́ ni. Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé Fágúnwà kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí "nwọn" níbẹ̀, àgbà ló lè kà á.

Ìdajì kejì, Fágúnwà fúnra rẹ̀ ni. Láti 1938 tí ìwé àkọ́kọ́ yìí jáde, adùn rẹ̀ wà nínú gbólóhùn tó gùn bí ọ̀nà oko, tí àpèjúwe ń gun orí àpèjúwe. Ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá á rẹ̀ kó tó dé ibi àmì ìdánudúró. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohùn yín gbé e, ẹ sinmi níbi tó yẹ, ẹ pe Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn bí ẹni ń pe oríkì, ẹ ó rí i pé wọ́n á jókòó tì yín. Ọjọ́ orí etí, mẹ́sàn-án. Ọjọ́ orí ojú, mẹ́rìnlá sókè.

Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn òbí, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun, ni pé ọmọ wọn kò lè ka Yorùbá, wọ́n bá ra ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wole Soyinka ṣe ní 1968, The Forest of a Thousand Daemons. Wọ́n rò pé yóò rọrùn. Kò rọrùn. Soyinka kò tú u bí ẹni tú àpò lásán, ó tún un ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó wúwo bí Yorùbá Fágúnwà gan-an. Iṣẹ́ àrà ni, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sókè ni mo máa rà á fún, kì í ṣe ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Fún ojú ọmọ ọdún mọ́kànlá, Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló gba iwájú lọ́dọ̀ mi. 1990 ló jáde. Ìrántí ìgbà èwe ló dá lé, Yorùbá rẹ̀ sì já geere bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó tì yín tó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó wà ní kékeré. Kò sí iwin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò rẹ̀. Ọmọ tó bá ka ìwé yìí parí ti ka odindi ìwé ìtàn Yorùbá, kò sì ní sá fún èyí tó kàn mọ́.

Ọdún 13 sí 16: Akin Olúṣínà àti Lápàdé

Ibí yìí ni Yorùbá ti lówó lọ́wọ́, kò sì yé mi ìdí tí àwọn òbí kì í fi í rà wọ́n. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Ọmọ tó lè fi wákàtí mẹ́ta wo fíìmù ọ̀daràn lórí fóònù, ẹ fún un ní èyí.

Kọ́lá Akínlàdé ni ó ni Akin Olúṣínà, tó wà nínú Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ti 1971. Ọládèjọ Òkédìjí ni ó ni Lápàdé, tó jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra rárá. Akin Olúṣínà ń fi orí ṣiṣẹ́. Ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èyí, lọ́wọ́ ìyẹn, ó ń so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ tó ń kà á sì lè máa bá a rò ó, kó máa sọ pé "mo ti mọ ẹni náà", kó sì rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá Akínlàdé mọ́lẹ̀ kedere, ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè dá kà á. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò, tó fẹ́ràn ayò, tirẹ̀ nìyí.

Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ ni. Inú ewu ló ń kó sí kó tó ronú jáde. Ìbéèrè tó ń gbé wa lọ nínú ìwé Òkédìjí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ta ló ṣe é, bí kò ṣe báwo ni yóò ṣe yọ lónìí. Ẹnu rẹ̀ mú, òwe ń dà lẹ́nu rẹ̀, èébú náà sì ń jáde. Ẹni tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá yóò pàdánù ìdajì àwàdà náà. Ìjà àti ìwà ipá wà níbẹ̀. Èmi kì í fún ọmọ tí kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Akínlàdé, ẹ jẹ́ kó ka méjì nínú tirẹ̀, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Òkédìjí. Bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù, Lápàdé ni.

Ẹni tí ìtàn idán ń wù ju ọ̀daràn lọ lè ka What Sunny Saw in the Flames ti Nnedi Okorafor, ìtàn ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ìwé yìí kan náà ni wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Akata Witch. Ẹ má ra méjèèjì ní èrò pé èkejì ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀.

Ọdún 15 sí 18: Ó Le Kú àti Children of Blood and Bone

Ó Le Kú, ti Ìṣọ̀lá náà, jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń wá aya láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ ni, àti ohun tí àìlèpinnu ń dá sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á kó tó wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997, nítorí lẹ́yìn fíìmù, ojú àwọn òṣèré ni yóò máa rí.

Children of Blood and Bone, tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018, ju 500 ojú ewé lọ. Inú ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Orïsha ni Zélie ti ń wá bí agbára tí ọba pa run yóò ṣe padà. Eré sísá rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ wa tó dàgbà sí Houston tàbí Peckham yóò rí Yorùbá nínú ọfọ̀ àwọn akọni ìtàn tí gbogbo ayé ń kà, èyí sì lè mú un gbórí sókè. Ohun tí kò ní rí níbẹ̀ ni òrìṣà gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé ṣe mọ̀ wọ́n. Òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ tún ètò wọn tò, ó sì yẹ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Fún ọmọ ilé tó gbọ́ Yorùbá, Ó Le Kú ni. Fún ọmọ òkè òkun tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ra, Adeyemi ni kí ẹ rà. Kí ẹ wá máa ka Ogún Ọmọdé, ojú ewé méjì méjì, sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Mo ti ń ṣe é fún ọmọ àbúrò mi kan ní Lọ́ndọ̀nù. Ó ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n jí tẹ̀. Ẹ ṣí i káàkiri: bí yíǹkì bá ṣú, bí ojú ewé bá fò, bí àmì ohùn bá ti pa rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó dínwó tó. Láìsí àmì ohùn, ọmọ tó ń dá kàwé kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni àbí ọkọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ó parí Àjà Ló Lẹrù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí pé ṣé Lápàdé tún wà nínú ìwé mìíràn. Ó wà nínú Àgbàlagbà Akàn. Mo ti ń wá èyí tí kò ní "nwọn" nínú.