Blades in the Dark: ìwé géèmù tó jẹ́ kí ohun tí mo yàn já mọ́ nǹkan

Kí n tó sọ ohun tí mo rí nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀. Ó lé lọ́dún méjì tí mo fi jókòó nídìí tábìlì kan tá a ti ń ṣe RPG, ìyẹn géèmù tí kálukú ti máa ń ṣe bí ẹnì kan nínú ìtàn, GM wa (ẹni tó ń darí ìtàn náà) mọ ìtàn sọ o, tó bá ń sọ̀rọ̀ ààfin ọba báyìí ẹ máa rò pé ẹ wà níbẹ̀ ni. Àmọ́ ibi tó bá ti fẹ́ ká lọ náà la máa lọ. Lọ́jọ́ kan a kọ̀ jálẹ̀, a ní a ò gba inú igbó, ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀, ni ìjì bá dé, ni ọkọ̀ bá fọ́, ni omi bá gbé wa jù sí etí igbó yẹn gan-an! A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé inú mi ò dùn rárá, torí kí ni mo wá ń ronú fún, kí ni mò ń da dáìsì fún, tó bá jẹ́ pé ibi tá a máa bá a dé ti wà nílẹ̀ kí n tó jókòó?

John Harper ló kọ Blades in the Dark, ọdún 2017 ni Evil Hat gbé e jáde. Olè la máa ń ṣe nínú ẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń wá ọ̀nà àtilà nílùú tó ń jẹ́ Doskvol, ibi tí òkùnkùn ti bo gbogbo nǹkan tí iwin ò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Dáìsì olójú mẹ́fà nìkan ni wọ́n ń lò, èyí tó bá ga jù lára ohun tó o dà lo máa wò: 6, ọwọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, 4 tàbí 5, ọwọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ àmọ́ wàhálà kan máa tẹ̀ lé e, 3 wálẹ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ìyẹn kọ́ ló mú mi lọ́kàn ṣá. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kó o tó da dáìsì. Ìwọ tó ò ń ṣeré lo máa sọ irú ọgbọ́n tó o fẹ́ lò, bóyá o fẹ́ yọ́ wọlé ni àbí o fẹ́ fọ̀rọ̀ tan ẹni náà, GM ò lè yàn án fún ẹ. Tiẹ̀ ni pé kó sọ bí ewu ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó (controlled tí ewu bá kéré, risky tó bá wà níwọ̀n, desperate tó bá pọ̀ gan-an) àti bí ohun tó o fẹ́ ṣe yẹn ṣe máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ tó. Tó o bá gbọ́ tán tí kò bá ẹ lára mu, o lè yí ọkàn padà. Ẹ wò ó, àwọn kan rò pé kéèyàn ṣáà ti lè ṣe ohun tó wù ú ló ń jẹ́ òmìnira nínú géèmù, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Tí wọ́n bá ní kó o mú ilẹ̀kùn ọ̀tún tàbí tòsì, tó ò sì mọ nǹkan kan nípa méjèèjì, kí lo wá yàn níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tá a ṣe kẹ́yìn ṣàpẹẹrẹ. Ìwé tí ọ̀gá olówó èlé kan ń kọ gbèsè àwọn èèyàn sí la fẹ́ jí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun máa pọ́n ògiri iwájú, GM ní desperate ni o, ẹ̀ṣọ́ méjì ló ń wo ibẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní ó dáa, flashback (ìyẹn ni pé kéèyàn padà sẹ́yìn sọ ohun tó ti ṣe sílẹ̀), lánàá mo ti lọ rí alásè ilé yẹn pé kó má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìwé náà gbà á láyè! Stress kan ló san (stress ni àmì ìnira tí kálukú fi ń san irú nǹkan báyìí), ó da dáìsì méjì, 5 ló jáde: alásè gbà, àmọ́ owó tó gbà ò tó o, ó ṣì máa béèrè sí i. GM ya róbótó kan sórí bébà, ó pín in sí mẹ́rin, ó kun apá kan, tó bá kún tán, wàhálà alásè yẹn dé nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó tì wá síbẹ̀.

Òmíì tún ni pé tí GM bá ní ọ̀bẹ ti wọ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá, mo yẹ̀ ẹ́. Wàá da dáìsì, wọ́n á yọ èyí tó ga jù kúrò nínú 6, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni stress tó o máa san, yálà ìyà náà fò ẹ́ dá tàbí kó dín kù. Àpótí stress mẹ́sàn-án péré lo ní, tó bá kún, trauma nìyẹn, ọgbẹ́ ọkàn tí kì í lọ, tí trauma bá wá pé mẹ́rin, ẹni yẹn ti kúrò nínú iṣẹ́ olè. Torí náà o lè kọ̀, ṣùgbọ́n kíkọ̀ ọ̀hún lówó lórí.

Ìwé náà ní àlèébù o. Ìṣirò tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù fún mi, owó, òkìkí, heat (bí ọlọ́pàá ṣe ń fojú sí wa lára tó), ta ló ń bínú sí wa, ó máa ń rẹ èèyàn tílẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tó dùn mí jù ni pé GM ṣì ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ewu àti èrè, ẹni tó bá fẹ́ fipá darí yín lè máa pe gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá dá ní limited, pé kò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, títí á fi sú yín. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ẹni tó bá ti dènà tó kù, ìwé ò lè bá a wí. Ó kàn jẹ́ pé níbí, ó máa sọ ọ́ síta kó o tó da dáìsì, ẹ lè bá a jiyàn, a sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, òfin eré náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kà á ná kẹ́ ẹ tó ra ìwé. Ní tiwa, róbótó alásè ti ku apá kan kó kún, a ò tíì rówó kó fún un, ọ̀rẹ́ mi sì ti ń sọ pé òun fúnra òun máa lọ bá a.